Bí A Ṣe Ń Gbé Ọkàn Òǹwòran Sókè Nínú Fíìmù Adẹ́rùbani

Ní ọdún 1979, nígbà tí fíìmù Alien jáde, ọmọ Yorùbá kan ni ó wà nínú aṣọ ẹ̀dá abàmì tí ó kó jìnnìjìnnì bá àwọn òǹwòran káàkiri ayé. Bọ́lájí Badejo ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1953, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà yíyàwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ẹni tí ń wá òṣèré fún fíìmù náà ṣalábàápàdé rẹ̀ ní ilé ọtí kan. Ó ga ju mítà méjì lọ, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà ni Ridley Scott, tí ó darí eré náà, ṣe gbà pé òun ni ẹni tí aṣọ yẹn tọ́ sí. Wọ́n mú un lọ kọ́ tai chi, eré ìdárayá ilẹ̀ Ṣáínà tí a ń ṣe jẹ́jẹ́, àti eré aláìfọhùn kí ìrìn rẹ̀ má baà jọ ti ènìyàn. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ohun tí olùdarí náà ṣe ni pé ó fi ẹ̀dá náà pamọ́. Nínú fíìmù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni a fi rí i: ìrù níbí, eyín lọ́hùn-ún, ọwọ́ kan tí ó nà jáde láti inú òkùnkùn, èéfín, àti iná tí ń ṣẹ́jú pàrà-pàrà.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn bí mo ti ń kọ èyí ni àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń fi fóònù tàbí kámẹ́rà kékeré ya eré, tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀rù ba ẹni tí ó bá wò ó. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọkàn òǹwòran fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdẹ́rùbani. Olùdarí a máa fún ọkàn náà ní ohun tí yóò máa rò, a máa dá a dúró, a sì máa yan ìgbà tí yóò tú u sílẹ̀. Èyí kò gba owó rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, ó sì gba kí ènìyàn mọ bí ojú àti etí ọmọ aráyé ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ pinnu ohun tí òǹwòran yóò mọ̀

Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà rárá, ẹ bi ara yín léèrè pé: ta ni ó mọ̀ pé ewu wà níbí? Ṣé òǹwòran ni, ṣé ẹni tí ó wà nínú eré ni, àbí àwọn méjèèjì? Alfred Hitchcock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ fi Hollywood ṣe ibùdó, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún François Truffaut, olùdarí ọmọ ilẹ̀ Faransé, nígbà tí wọ́n jọ jókòó sọ̀rọ̀ ní ọdún 1962. Ó ní kí a rò ó pé àwọn ènìyàn kan jókòó ti tábìlì, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, tí bọ́ǹbù sì wà lábẹ́ tábìlì náà. Bí òǹwòran kò bá mọ̀ pé bọ́ǹbù wà níbẹ̀, yóò bú gbàmù, òǹwòran yóò sì ta gìrì fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ó parí. Ṣùgbọ́n bí òǹwòran bá ti rí ẹni tí ó gbé e síbẹ̀, tí ó mọ aago tí yóò bú, tí aago ògiri sì ń fi hàn án pé ó ku ìṣẹ́jú 15, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan yẹn kan náà ni kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Yóò máa wù ú kí ó kígbe sí wọn pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n sá. Ìṣẹ́jú 15 ni ẹ fi di ọkàn rẹ̀ mú, bọ́ǹbù kan náà sì ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìran kékeré kan tí ẹnikẹ́ni lè yà nínú ilé. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Mojí ń dá gbé ní yàrá àti pálọ̀ ní Ìbàdàn. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tó jáde, a rí i tí ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ó wà ní ilé ìdáná, tí ó sì fà á wò. Nígbà tí ó padà dé ní alẹ́, wọ́n ti mú iná lọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó sì ń fi fóònù náà bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ti ń gbá ilẹ̀ kọjá, àwa rí sílípáàsì ọkùnrin kan tí wọ́n bọ́ létòlétò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mojí kò rí i.

"Màámi, ẹ kú ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni."

"Ṣé o ti ilẹ̀kùn?"

"Mo ti tì í, Mà."

Láti ibẹ̀ lọ, ẹ lè jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa owó àjọ, aṣọ ẹbí àti ọmọ àbúrò tí ara rẹ̀ kò yá, kò sí èyí tí yóò sú òǹwòran nínú rẹ̀. Bí ó bá jókòó láti bọ́ bàtà, òǹwòran yóò máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá ní òun fẹ́ bu omi mu, òǹwòran mọ̀ pé inú ilé ìdáná ni omi wà. Ẹ kò tíì fi ènìyàn kankan hàn, ẹ kò tíì ná kọ́bọ̀, ẹ̀rù sì ti wọlé.

Ẹ kíyè sí ohun méjì nínú ìran yìí. Èkíní ni pé a ti fi ilẹ̀kùn náà han òǹwòran ní ojúmọmọ, kò sì ní bèèrè lálẹ́ pé ibo ni ó wà. Ilé tí òǹwòran kò mọ̀ kì í bà á lẹ́rù bí ó ti yẹ, nítorí pé kò mọ ọ̀nà tí a lè gbà sá, kò sì mọ ibi tí ewu lè gbà yọ. Èkejì ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a fi sílípáàsì náà hàn, ìmọ́lẹ̀ sì kọjá lórí rẹ̀ ni, kò dúró. Bí ẹ bá dúró lé e lórí, tí ẹ tún fi ìlù gbígbóná sí i, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹwòran. Ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ rí nǹkan ni nǹkan náà ń bà lẹ́rù jù.

Ẹ má ṣe tètè gbé e síta

Ẹja àkùrákùdà tí Steven Spielberg lò nínú Jaws, tí ó jáde ní ọdún 1975, ẹ̀rọ ni. Wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Martha's Vineyard ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, omi òkun sì bá a jà débi pé kì í fẹ́ ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣírò pé yóò gba ọjọ́ 55 gba ọjọ́ 159. Nítorí pé ẹja kò sí, olùdarí náà ní láti wá ọ̀nà mìíràn: ó gbé kámẹ́rà wọ inú omi kí a lè máa fi ojú ẹja wo ẹsẹ̀ àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́, ó fi àgbá aláwọ̀ ìyeyè hàn, tí wọ́n so mọ́ ẹja náà, tí ó ń sáré lórí omi láìsí ẹni tí ń wà á, ó sì fi ohùn orin méjì tí John Williams kọ síbẹ̀, tí ń lọ tí ń bọ̀, tí ń yára sí i. Ó ju wákàtí kan lọ kí a tó rí ẹja náà dáadáa. Nígbà tí ó yọ orí sókè níkẹyìn, àwọn òǹwòran ti fi ọkàn ara wọn yà á tóbi ju èyíkéyìí tí wọ́n lè fi irin àti rọ́bà kàn lọ.

Daniel Myrick àti Eduardo Sánchez tilẹ̀ tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú The Blair Witch Project, tí ó jáde ní ọdún 1999, àwọn òṣèré mẹ́ta ni ó gbé kámẹ́rà fúnra wọn nínú igbó ní ìpínlẹ̀ Maryland. A gbọ́ igi tí ń ṣẹ́ lóru, a rí òkúta tí wọ́n tò sí iwájú àgọ́ wọn, a rí igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n dì pọ̀ bí ènìyàn tí wọ́n sì fi kọ́ sára igi. Àjẹ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí kò yọjú rárá, títí fíìmù fi parí.

Ó dùn mí pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ fíìmù wa ti ń sọ agbára wọn nù. A ní ìtàn iwin, ọ̀rọ̀, àbíkú àti ẹbọra tí kò sí ẹni tí ó lè kó irú wọn jọ, síbẹ̀ ìṣẹ́jú kẹta kò ní pé tí iwin yóò fi jáde sí gbangba, ẹfun funfun báláú ní ojú rẹ̀, èéfín ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ààrá ń sán, ó sì ń rẹ́rìn-ín kẹ̀kẹ̀. Ojú wa ti rí i tán. Kò sí ohun tí ó kù fún wa láti bẹ̀rù. Àwọn baba wa tí ń pa àlọ́ lóru mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dúró, wọ́n mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí ọmọ béèrè pé "Kí ni ó wá rí?" kí wọ́n tó dáhùn, ó sì yẹ kí kámẹ́rà wa mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Àpẹẹrẹ rere wà nílé. Nínú Àràrómìre tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2009, ère òrìṣà kan tí wọ́n rí nínú igbó ni gbogbo ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù náà kò sọ ní pàtó bóyá òrìṣà ni ó ń ṣiṣẹ́ tàbí ọwọ́ ènìyàn, ìbéèrè náà sì ń bá òǹwòran lọ sílé.

Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́, ọ̀nà pọ̀. Ẹ fi ejìká rẹ̀ hàn, kí ẹ má fi orí rẹ̀ hàn. Ẹ jẹ́ kí ó wà lẹ́yìn ẹni tí ń sọ̀rọ̀, níbi tí lẹ́ńsì kò ti ríran kedere, kí ẹnikẹ́ni má sì tọ́ka sí i. Ẹ jẹ́ kí a rí ojú ẹni tí ó rí i, kí ẹ pẹ́ lórí ojú náà, kí ẹ tó yí kámẹ́rà padà, tàbí kí ẹ má tilẹ̀ yí i padà. Nígbà tí ó bá sì tó àkókò láti gbé e síta, ẹ wá ohun kan tí kò bójú mu lára rẹ̀, tí òǹwòran kò ní lè sọ pé ohun báyìí ni. Nínú Ringu, fíìmù ilẹ̀ Japan tí Hideo Nakata darí ní ọdún 1998, òṣèré tí ó ṣe òkú ọmọbìnrin tí ń jáde láti inú amóhùnmáwòrán ẹ̀yìn ni ó fi rìn nígbà tí wọ́n ń yà á, wọ́n sì yí àwòrán náà padà kí ó lè dà bí ẹni pé iwájú ni ó ń bọ̀. Ojú wa mọ̀ pé ìrìn náà kò tọ̀nà, ọkàn wa kò sì mọ ìdí rẹ̀. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín lè ṣe èyí lónìí.

Ti John Carpenter nínú Halloween, ní ọdún 1978, tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí wọ́n ní kò pọ̀, nítorí náà, fún apànìyàn inú eré náà, wọ́n ra ìbòjú tí wọ́n ṣe ní àwòrán ojú òṣèré William Shatner ní ilé ìtajà ní iye tí kò tó dọ́là méjì, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sì mú kí ihò ojú rẹ̀ fẹ̀ sí i. Ojú tí kò bínú, tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sọ ohun tí ó ń rò, ni ó lé àwọn òǹwòran.

Etí ni ẹ̀rù ń gbà wọlé

Ẹni tí ó bá ti sùn ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣọdún Orò mọ̀ bí ohùn tí ń kùn láti inú òkùnkùn, tí a kò rí ohun tí ń mú un wá, ṣe ń mú kí àgbàlagbà pàápàá sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ nínú ilé. Ènìyàn lè pa ojú dé, kò lè pa etí dé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bi mí pé, bí owó rẹ̀ kò bá tó ohun méjì, kí ó fi ra makirofóònù tí ó dára kí ó tó ronú kan kámẹ́rà.

Carpenter fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí òun fi Halloween han òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fíìmù kan láìtíì fi orin sí i, ẹ̀rù kò ba obìnrin náà rárá. Ó padà lọ kọ orin náà fúnra rẹ̀, ó fi dùùrù tẹ ohùn kan náà léraléra ní ìlù ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, tí kì í jẹ́ kí etí rí ibi jókòó sí. Àwòrán kò yí padà, ṣùgbọ́n fíìmù náà di mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hitchcock ṣe kọ́kọ́ fẹ́ kí ìran balùwẹ̀ inú Psycho, ní ọdún 1960, níbi tí wọ́n ti gún obìnrin kan lọ́bẹ pa, lọ láìsí orin, kí Bernard Herrmann tó kọ orin tí ó fi fáólíìnì àti àwọn ohun èlò olókùn nìkan gbé kalẹ̀, tí ó ń ké bí ẹyẹ tí wọ́n mú. Nígbà tí olùdarí náà gbọ́ ọ, ó yí èrò rẹ̀ padà. Èso bàrà ni wọ́n gún lọ́bẹ fún ìró ọ̀bẹ tí ń wọ ara.

Síbẹ̀, ibi tí mo ti rí ọgbọ́n jù lọ lórí ìró kì í ṣe orin rárá. Nínú The Shining, tí Stanley Kubrick darí ní ọdún 1980, ọmọdékùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kiri inú hótẹ́ẹ̀lì tí kò sí ènìyàn. Kámẹ́rà ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó sún mọ́ ilẹ̀. Bí táyà bá wà lórí pákó, ariwo rẹ̀ ń dún gbàgbà-gbàgbà. Bí ó bá gun kápẹ́ẹ̀tì, ariwo náà dákẹ́ lójijì. Ó tún bọ́ sórí pákó, ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀, ọmọ ń ṣeré ni, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ariwo bá dákẹ́ ni etí wa ń nà láti gbọ́ ohun mìíràn. Ó tún yà ní kọ̀rọ̀ kan, ó tún yà ní òmíràn, a kò sì fẹ́ kí ó yà mọ́.

Ẹ lè fi ohun tí a ní nílé ṣe irú èyí. Gẹnẹrétọ̀ tí ń dún ní àdúgbò láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran Mojí, tí òǹwòran kò tilẹ̀ fiyè sí mọ́, ẹ jẹ́ kí ó kú lójijì. Òǹwòran yóò wá gbọ́ bí ilé náà ti dákẹ́ tó, yóò gbọ́ omi tí ń kán nínú báàkẹ́ẹ̀tì, yóò gbọ́ èémí Mojí. Nígbà náà ni páànù òrùlé lè ró "kẹ̀ẹ̀" lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ lè ṣe èyí, ẹ ní láti gba ìró kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀: lẹ́yìn tí ẹ bá ya ìran tán, ẹ sọ fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ ó lò ó nígbà tí ẹ bá ń gé àwòrán pọ̀. Orin tí kò sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin rẹ̀, bí a ti ń gbọ́ nínú ọ̀pọ̀ eré wa, ń pa ẹ̀rù, nítorí pé òǹwòran kò ní mọ ìgbà tí nǹkan yí padà.

Ibi tí kámẹ́rà dúró sí, àti ìgbà tí a gé e

Ojú òǹwòran a máa wá ewu kiri nínú àwòrán bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ fún un láti wá a. Bí ẹ bá gbé Mojí sí apá ọ̀tún àwòrán, tí ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ sì gba apá òsì, tí ẹ kò fi ohunkóhun sí inú òkùnkùn ilẹ̀kùn náà, òǹwòran yóò máa wo ilẹ̀kùn ju Mojí lọ. Oren Peli gbé gbogbo fíìmù rẹ̀ lé orí èyí nínú Paranormal Activity, ní ọdún 2007. Ilé ara rẹ̀ ni ó ti yà á. Kámẹ́rà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá, kò mira. Ọkùnrin kan àti olólùfẹ́ rẹ̀ sùn, ilẹ̀kùn ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣókùnkùn, aago sì ń sáré ní igun àwòrán. Ilẹ̀kùn náà mì díẹ̀, gbogbo ilé sinimá sì mí kanlẹ̀. Ẹ̀rọ olówó iyebíye kò ṣe é, ìdúróṣinṣin ni ó ṣe é.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo nǹkan ṣókùnkùn, bí ènìyàn kò bá ríran rárá, ojú rẹ̀ kò ní rí ibi tí yóò ti máa wá ewu. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ní orísun tí a mọ̀, àtùpà, àbẹ́là, tọ́ọ̀ṣì, iná ọkọ̀ tí ó gba ojú fèrèsé kọjá, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ níbi tí ó mọ.

Ìjáyà òjijì, èyí tí ń mú kí ènìyàn fò lórí ìjókòó, ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù, òun sì ni ó tètè ń gbó jù. Jacques Tourneur, pẹ̀lú Val Lewton tí ó ṣètò iṣẹ́ náà, fi bí a ṣe ń ṣe é hàn ní ọdún 1942 nínú Cat People. Obìnrin kan ń dá rìn lóru lẹ́bàá ògiri, òmíràn ń tẹ̀lé e. A ń gbọ́ ìró bàtà àwọn méjèèjì lórí òkúta. Lẹ́yìn náà, ìró bàtà kan dákẹ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí yára, ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnìkan, ó di iná òpópónà mú. Nígbà náà ni nǹkan sín fùùù bí ẹranko ńlá láti ẹ̀gbẹ́ tí òun àti àwa kò kọ ojú sí, ó sì jẹ́ bọ́ọ̀sì tí ó wá dúró láti gbé e. Gbogbo ohun tí a nílò wà níbẹ̀: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kọ́kọ́ wà, ojú wa wà ní apá kan, nǹkan sì gba apá kejì yọ. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó rí ekòló a sá, nítorí náà bọ́ọ̀sì tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi yìí ti múra ọkàn òǹwòran sílẹ̀ de èyí tí ó kàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ológbò, ilẹ̀kùn àti ọ̀rẹ́ tí ó fọwọ́ kan ni lẹ́yìn dá òǹwòran níjì ní ìgbà mẹ́rin, ìgbà karùn-ún kò ní bá a. Èmi yóò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó nínú fíìmù kékeré.

Gígé àwòrán náà ní agbára tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gún obìnrin náà lọ́bẹ nínú ìran balùwẹ̀ tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan kò tó ìṣẹ́jú kan lójú òǹwòran, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 7 ni wọ́n fi yà á. Ọwọ́, ọ̀bẹ, ẹnu tí ó là, omi, ẹsẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kọjá kí ojú tó dì í mú, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde pẹ̀lú ìdánilójú pé àwọn rí ohun tí ó burú ju èyí tí ó wà nínú fíìmù lọ. Síbẹ̀ kí ìjàǹbá tó dé, ẹ má gé kíákíá. Ẹ jẹ́ kí Mojí rìn láti àga dé ilé ìdáná láìgé e rárá, kí òǹwòran bá a ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ènìyàn inú eré, àti ẹ̀rù tí ó jẹ́ tiwa

Bí a kò bá fẹ́ràn Mojí, kò sí ohun tí yóò jọ wá lójú bí nǹkan bá ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi jẹ́ kí ó máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ fún ẹni tí ewu yóò bá ní ohun tí ó ń dùn ún, ohun tí ó ń retí, àti ẹnìkan tí yóò sunkún bí kò bá padà wálé. Kí ó sì jẹ́ ọlọgbọ́n; òǹwòran kì í bẹ̀rù fún ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ewu láìnídìí. Bí Mojí bá rí sílípáàsì náà níkẹyìn, ẹ jẹ́ kí ó ṣe ohun tí obìnrin olóye yóò ṣe: kí ó má pariwo, kí ó máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìṣó, kí ó sì máa fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ìgbà náà ni ẹ̀rù yóò tó bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Àwọn olùdarí kan ti fi ẹ̀rù gidi wá ẹ̀rù lójú òṣèré. Nínú Alien, nígbà tí ẹ̀dá kékeré bẹ́ jáde ní àyà ọkùnrin kan ní ìdí tábìlì, àwọn òṣèré yòókù mọ̀ pé yóò jáde, wọn kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ yóò tú jáde tó bẹ́ẹ̀; ìjáyà tí a rí lójú wọn kì í ṣe eré nìkan. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára, mo sì lè fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ya The Exorcist, tí ó jáde ní ọdún 1973, William Friedkin a máa yin ìbọn kí àwọn òṣèré lè ta gìrì, okùn tí wọ́n sì fi fa Ellen Burstyn sẹ́yìn fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣe é léṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òṣèré tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ sí yín ni yóò fún yín ní ohun tí ẹ bá bèèrè. Bí ọmọdé bá sì wà nínú eré, ẹ fi ìbòjú àti ẹ̀jẹ̀ èké náà hàn án, kí ó fọwọ́ kàn án, kí òbí rẹ̀ wà níbẹ̀ kí ẹ tó tan kámẹ́rà.

Ní ti ohun tí ẹ ó fi dẹ́rù bani, ẹ mú un láti ibi tí ẹ ń gbé. Jordan Peele, nínú Get Out ní ọdún 2017, mú ohun tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà mọ̀ lára, ìyẹn ni kí ènìyàn jókòó láàárín àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì fi ṣe fíìmù tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún ìwé eré rẹ̀. Àwa náà mọ tiwa. Ẹ̀rù ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn lóru tí kò dáhùn nígbà tí a bèèrè pé ta ni. Ẹ̀rù awakọ̀ tí ó yà kúrò ní ọ̀nà tí a mọ̀, tí àwọn èrò yòókù inú ọkọ̀ kò sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní igun yàrá. Ìwọ̀nyí kò nílò ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa, wọ́n sì lágbára ju ilé ńlá orí òkè àti àdán tí a yá láti inú fíìmù òkèèrè.

Nígbà tí ẹ bá gé fíìmù náà pọ̀ tán, ẹ pe ènìyàn bíi mẹ́fà tí kò mọ ìtàn náà, kí ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ẹ ti lè rí ojú wọn. Ẹ má wo fíìmù, ojú wọn ni kí ẹ wò. Ibi tí ẹnìkan bá ti mú fóònù rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ ìṣẹ́jú náà sílẹ̀, kí ẹ sì gé ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ kúrú. Ibi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi nǹkan hàn pẹ́ jù, ẹ dín in kù sí ìdajì kí ẹ tún un wò. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wò ó ní àwòrán nìkan, kí ẹ sì tún kọ ẹ̀yìn sí i kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ nìkan. Èyí tí kò bá lè dá dúró nínú méjèèjì ni iṣẹ́ kù sí lára rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti tún un ṣe, àwọn ẹlòmíràn ni kí ẹ pè wá wò ó, nítorí pé àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ ti mọ ibi tí sílípáàsì náà wà.